Nígbà Tí Pápá Ṣófo: Iṣẹ́ Tí Alátìlẹ́yìn Ń Ṣe Nínú Bọ́ọ̀lù

Wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló pa ọ̀jọ̀gbọ́n pọ̀ mọ́ Arsenal àti Chelsea. Ìbéèrè kan ló pa wá pọ̀. Ẹni tó ń pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há nítorí kíláàbù rẹ̀, ṣé iṣẹ́ kan ló ń ṣe nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, àbí ariwo lásán ló ń pa? Ṣáájú ọdún 2020, kò sí bí a ṣe lè dán an wò. Ta ni yóò lé gbogbo òǹwòran kúrò ní pápá nítorí ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n? Àrùn Kòrónà ló bá wa lé wọn.

Kó tó lé wọn, ó kọ́kọ́ bá wọn wọ pápá. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2020, Atalanta, kíláàbù kan ní Ítálì, gba Valencia ti Sípéènì lálejò. Pápá tiwọn ní Bergamo kò tíì bá ìlànà UEFA mu, wọ́n bá gbé e lọ sí San Siro ní Milan. Ìlú Bergamo kò ju nǹkan bí 120,000 ènìyàn lọ, síbẹ̀ nǹkan bí 40,000 ló rọ́ lọ láti ibẹ̀ àti agbègbè rẹ̀. Atalanta borí pẹ̀lú 4-1. Ẹ fojú inú wo bí wọ́n ṣe ń dì mọ́ra wọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Giorgio Gori, tó jẹ́ olórí ìlú Bergamo nígbà náà, wà lára àwọn tó sọ pé alẹ́ ọjọ́ náà ló ran àrùn náà lọ́wọ́ láti tàn.

Ti Liverpool tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, Sípéènì ti ní kí òǹwòran má wọ pápá mọ́. Nǹkan bí 3,000 alátìlẹ́yìn Atlético Madrid wọ bàálù, ó di Anfield, pápá Liverpool. Ohun tí wọn kò gbà wọ́n láàyè láti ṣe nílé, wọ́n lọ ṣe é lẹ́yìn odi. Ní ọjọ́ 13, Premier League dáwọ́ dúró.

Jámánì ló kọ́kọ́ padà nínú àwọn líìgì ńlá, ní oṣù Karùn-ún. Dortmund na Schalke 4-0 nínú pápá tó ń gba ènìyàn tó lé ní 81,000, ìró bàtà lára bọ́ọ̀lù la sì ń gbọ́. Eégún tó jáde láìsí onílù, tí ọmọdé kankan kò sá níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló ń fi rìn. Nígbà tí England padà ní oṣù Kẹfà, tẹlifíṣọ̀n ń fi ariwo tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tan àwa tí a wà nílé. Kò tan rẹfirí ní tirẹ̀.

Ní sáà 2020/21 Premier League, tí òǹwòran kò fi bẹ́ẹ̀ sí ní pápá, àlejò borí lẹ́ẹ̀mẹ́tàléláàádọ́jọ (153), onílé borí ní 144 péré. Láti ọdún 1888 tí líìgì ti bẹ̀rẹ̀ ní England, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní ìpele tó ga jù lọ. Liverpool ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 68 ní Anfield láìfìdí rẹmi. Burnley dé ní oṣù Kìíní 2021, ó na wọ́n. Láti orí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà léraléra ni wọ́n na Liverpool nílé. Ẹ má sọ fún mi pé Van Dijk, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wọn, farapa. Ó farapa lóòótọ́, àmọ́ kò gbá bọ́ọ̀lù fún kíláàbù mọ́kàndínlógún yòókù.

Àwọn olùṣèwádìí ní Yúróòpù tún yẹ káàdì wò, wọ́n sì rí i pé nígbà tí pápá ṣófo, rẹfirí kò fún àlejò ní káàdì tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Rẹfirí kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀, ènìyàn ni. Tí 50,000 ènìyàn bá figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà pé “Fáòlù!”, ọwọ́ á ti dé àpò kí ojú tó rí i dáadáa. Nígbà tí òǹwòran kún pápá padà ní sáà tó tẹ̀ lé e, onílé tún bẹ̀rẹ̀ sí í borí ju àlejò lọ.

Iṣẹ́ ni, nígbà náà. Ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́ ló ni èrè àti gbèsè rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2021, ní Wembley, Bukayo Saka, ọmọ ọdún 19, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, pàdánù pẹnáríti tó kẹ́yìn fún England, Ítálì sì gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti kún orí Instagram òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n pàdánù tiwọn náà, Marcus Rashford àti Jadon Sancho. Gbogbo ènìyàn ló máa ń pín nínú ife-ẹ̀yẹ. Èébú yìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ìpín tirẹ̀.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Arsenal, kíláàbù Saka, lọ bá Tottenham fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Ẹ mọ irú ìjà tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn alátìlẹ́yìn Tottenham gbé àkọlé sókè pé àwọn wà lẹ́yìn Saka, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tó wọlé. Tottenham náà ló kúkú borí, 1-0.