Ẹ Jí Ọ̀rọ̀ Àtijọ́, Àmọ́ Ẹ Sọ Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo ẹni tó wà nínú gúrúùpù WhatsApp, àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí tiwọn le díẹ̀.

Ẹ ti rí i rí. Gúrúùpù ti dákẹ́ láti àárọ̀. Ẹnìkan wá lọ hú àtẹ̀jíṣẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn jáde, ó fèsì sí i pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìdáhùn ìbéèrè yìí?" Ó parí. Ẹni tó béèrè nígbà náà ti di lọ́yà. Ẹni tó dá a lóhùn ti kúrò nínú gúrúùpù. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé rò pé ọ̀rọ̀ òní ni, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lé e lórí.

Àwọn kan ní kò yẹ ká jí ọ̀rọ̀ àtijọ́ rárá. Èmi ò gbà. Ìbéèrè tí wọ́n ti dáhùn dáadáa, kí la fẹ́ máa tún un béèrè lẹ́ẹ̀mẹwàá fún? Jíjí ọ̀rọ̀ ò burú. Ohun tó burú ni kéèyàn jí i láì sọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ìdí ni pé òfin kì í dúró sójú kan. Ẹ wo òfin iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA. Lábẹ́ ti 1990, ó kéré tán, èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ para pọ̀ kí wọ́n tó lè dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2020, òfin tuntun dé: ẹnìkan ṣoṣo ti lè dá iléeṣẹ́ aládàáni sílẹ̀. Wàyí o, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá jí ìdáhùn 2018 láì sọ pé ti 2018 ni, tí ẹlòmíràn sì fi ránṣẹ́ sí àǹtí rẹ̀ tó ń ránṣọ, àǹtí yẹn lè lọ fi orúkọ ẹni tí kò fọkàn tán kún òwò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gúrúùpù ti di ọ̀rọ̀ owó nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.

Kódà, kóòtù tó ga jùlọ ní Nàìjíríà ní ìlànà fún un. Kóòtù yẹn lè kọ̀ láti tẹ̀ lé ìdájọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe sẹ́yìn. Ní 1980, nínú ẹjọ́ Bucknor-Maclean àti Inlaks, ó pa ìdájọ́ rẹ̀ méjì ti 1974 tì. Ṣùgbọ́n lọ́yà tó bá fẹ́ irú ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síwèé ní kedere pé ohun tí òun ń béèrè nìyẹn. Kò gbọ́dọ̀ dọ́gbọ́n gbé e wọlé.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwà yẹn wá sínú gúrúùpù. Àkọ́kọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà tán. Ìdáhùn yín lè wà nísàlẹ̀. Èkejì, ẹ sọ ọdún rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú nǹkan tuntun dání: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ 2018 ni mo jí yìí. Mo rí i pé CAMA 2020 ti yí i padà. Ṣé ẹni tó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ lóun nìkan lè jẹ́ olùdarí kan ṣoṣo níbẹ̀?" Ẹni tó bá rí èyí mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi èèyàn sílẹ̀. Àṣìṣe tí ẹnìkan kọ nígbà tó wà ní ọdún kìn-ín-ní, ẹ má fa orúkọ rẹ̀ síta nítorí ẹ̀. Ẹni tó sì ní òun ń lọ ṣe ìdánwò Bar lọ́dún 2021, ẹ má bi í níwájú igba èèyàn pé báwo ló ṣe lọ. Ẹ kọ sí i ní kọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Bó bá fẹ́ sọ, á sọ.

Paríparí rẹ̀, bẹ́ ẹ bá rí ìdáhùn, ẹ padà wá sọ ọ́. Ìbéèrè olùdarí yẹn ní ìdáhùn: iléeṣẹ́ kékeré nìkan ni CAMA 2020 gbà láyè láti ní olùdarí kan. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọdún sí i, torí ẹnìkan ń bọ̀ wá jí i lọ́jọ́ kan.

Ó dìgbà kan ná o.