Ìwé Àdéhùn Tó Gba Orí Slack Kọjá

Ká ní ọ̀gá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òṣìṣẹ́ tuntun. Lórí Slack, níbi tí àwọn ará ọ́fíìsì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì kan, fọ́ọ̀mù kékeré sì jáde: orúkọ, ímeèlì, ipò. Bó ṣe parí rẹ̀ báyìí, Slack ti ta Docusign, ètò tí wọ́n fi ń buwọ́ lu ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lólobó. Ìyẹn á mú ìwé àdéhùn tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ẹni náà. Orí fóònù ló máa ti buwọ́ lù ú, ì báà jẹ́ inú mọ́tò ló wà.

Ímeèlì yẹn gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Lẹ́tà kan ṣoṣo téèyàn bá ṣì tẹ̀, àdéhùn owó oṣù ti dé ọwọ́ àjèjì nìyẹn. Tèmi ni pé kí wọ́n fi bọ́tìnnì míì sáàárín, kí ẹnì kan yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lọ.

Ṣé ilé ẹjọ́ gba ìwé téèyàn buwọ́ lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí? Òfin Amẹ́ríkà ti gbà á láti ọdún 2000, àmọ́ ìwé ìhágún ò sí lára rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ wo abala 93 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011. Docusign náà máa ń ṣe ìwé ẹ̀rí tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣí àdéhùn, ìgbà tí wọ́n buwọ́ lù ú, àti àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tó ti wá. Ẹ má tọ́jú àdéhùn nìkan, ẹ tọ́jú ìyẹn mọ́ ọn.