Kọ́ọ̀sì Wo Ni Ọmọ Tó Fẹ́ Di Dókítà Yóò Yàn?

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá

  

Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa. Lónìí, JAMB ni wọ́n ń ṣe. Bí a bá ti parí ọ̀rọ̀ owó oṣù ní ìpàdé, ohun tí a máa ń gbọ́ ni, “Dókítà ni tèmi fẹ́ ṣe.” Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi ní ká sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Báńkì la ti ń jẹun, a kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ìṣirò pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí ẹ ti rò lọ, ìṣirò sì niṣẹ́ wa.

Iṣẹ́ dókítà kì í ṣe tuntun ní Erékùṣù Èkó. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, tó gbógun ti ṣọ̀pọ̀ná, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló kọ́kọ́ kọ́, ó sì ṣe apoògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba níbí kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó ní 1888. Ní 1895 ló gboyè. Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awólíyì, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, Dublin ló ti gboyè ní 1938 kó tó wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Massey tí gbogbo wa mọ̀. Láyé tiwọn, òkun ló dí ọ̀nà. Lónìí, Ìbàdàn wà láti 1948, Ìdí-Àràbà láti 1962, LASU náà ní tirẹ̀ ní Ìkẹjà. Èèyàn á kúrò ní Ìdúmọ̀tà, á dé Ìdí-Àràbà, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá gbà fún un. Àyè ibẹ̀ ló kéré. Ìgbìmọ̀ MDCN tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ló ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ọmọ tó gba 200 nínú 400 lè ṣe ìdánwò àṣewọlé UNILAG lóòótọ́, ṣùgbọ́n 200 kì í gbé èèyàn dé ìṣègùn.

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn òkèèrè ti ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston á pè lórí fóònù: “Ẹ jẹ́ kó ṣe Microbiology ná. Tó bá parí, á wọ ìṣègùn.” Ẹ̀gbọ́n kò parọ́. Ní Amẹ́ríkà, èèyàn ní láti gba oyè kan kó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ì báà ka ìtàn, ì báà ka orin, bó bá ti ṣe Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì tí wọ́n béèrè, tó sì yege ìdánwò MCAT, wọ́n á gbé ìwé rẹ̀ wò. Níbí, láti sẹ́kọ́ńdírì ni wọ́n ti ń wọ ìṣègùn tààrà, ọdún mẹ́fà gbáko. Ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n ń júwe wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àdúgbò yìí ló wà. Kódà ẹni tó bá rò pé òun á fi oyè Nàìjíríà wọ ìṣègùn lọ́hùn-ún, kó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn wọn ń béèrè pé kó ti kọ́kọ́ kàwé díẹ̀ ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà.

Ọmọ kan wà nínú ẹbí ẹgbẹ́ wa. A ò ní dárúkọ rẹ̀. Microbiology ni wọ́n fún un, wọ́n sì sọ fún un nílé pé á yí i padà sí ìṣègùn lẹ́yìn ọdún kìíní. Ọdún kìíní parí, àmì rẹ̀ jẹ́ 4.1 nínú 5. Àmì tó dáa ni, àmọ́ àyè tó wà fún ìyípadà kò ju ti èèyàn díẹ̀ lọ, àwọn tó jù ú lọ ni wọ́n mú. Láti ọjọ́ náà lọkàn rẹ̀ ti kúrò nínú ohun tó ń kà. Kò fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn fi ń dúró ni. Ó fi second class lower jáde, bẹ́ẹ̀ second class upper ni àwọn ibi kan ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi oyè wọ ìṣègùn. Dídúró yẹn gan-an ló ba ohun tó ń dúró dè jẹ́. Ọjà tí ìyá rẹ̀ ń tà ní Òkè Àrìn ló fi san owó ilé-ìwé ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹni tó wọ ìṣègùn tààrà: ọdún mẹ́fà, ọdún kan fún housemanship, ọdún kan fún àgùnbánirọ̀. Mẹ́jọ. Ẹni tó gba Microbiology kọjá: ọdún mẹ́rin, àgùnbánirọ̀ kan, ọdún márùn-ún nínú ìṣègùn bí wọ́n bá gbà á sí 200 level, housemanship kan. Mọ́kànlá, láìka ìyanṣẹ́lódì. Ẹni tó ṣe JUPEB fún ọdún kan, tó sì wọ 200 level? Mẹ́jọ náà ni! Owó JUPEB kò kéré, àyè Direct Entry kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá bọ́ sí i, ọdún kan ló ná, kì í ṣe mẹ́rin.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí kọ́ọ̀sì kejì jẹ́ èyí tí ọmọ lè fi jẹun bí ìṣègùn kò bá dé láéláé. Nọ́ọ̀sì, fámásì, physiotherapy, radiography, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní láàbù: ìkọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìgbìmọ̀ tó ń fúnni níwèé àṣẹ iṣẹ́. Dókítà eyín náà, dókítà ni o. A ò mọ ìdí tí àwọn òbí fi ń sá fún un. Microbiology àti Biochemistry kì í ṣe ìyà fún ọmọ tó fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn káńtà ní báńkì: wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń bá wa ka owó. Iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè bóyá òun ni wọ́n torí rẹ̀ wọ láàbù.

Bí JAMB bá gbé kọ́ọ̀sì mìíràn sí orí CAPS, kí ẹnikẹ́ni má yára tẹ “Accept” nítorí kí àwọn aládùúgbò lè gbọ́ pé ọmọ ti wọ yunifásítì. Ẹ jókòó tì í ná.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì àti apoògùn yóò wà ní ibi ìpàdé láti dá àwọn ọmọ lóhùn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú èsì WAEC àti ti JAMB dání. A ti ṣètò ìjókòó fáwọn òbí ní ìta, pẹ̀lú ohun mímu tútù. Ẹnu àwọn ọmọ fúnra wọn la ti fẹ́ gbọ́ ọ.