Kí A Tó Wó Ilé Bàbá Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Yábàá)



Ẹbí kan ní Yábàá níhìn-ín ní ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí bàbá àgbà wọn kọ́. Páànù rẹ̀ ń jò, pákó òkè rẹ̀ ti jẹrà, ògiri rẹ̀ sì ti là. Àwọn kan nínú ọmọ ilé ní kí a wó o. Àwọn kan ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n bi wá léèrè ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé a kì í gé igi kòkó lulẹ̀ nítorí pé ewé rẹ̀ rọ. A ó kọ́kọ́ fi àdá họ èèpo rẹ̀ wò. Bí inú rẹ̀ bá tutù, a ó tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ dé gbòǹgbò, a ó gé e kí ó má baà wó lu ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni ilé rí. Ẹ pe ẹnjiníà kí ó yẹ ìpìlẹ̀ àti ògiri wò kí ìjà ẹbí tó dé.

Ẹ̀mí ni ó ṣáájú. Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, 2022, ilé alájà mẹ́ta kan wó ní Òpópónà Ìbàdàn, Èbúté-Mẹ́ta, ó sì pa ènìyàn. Bí onímọ̀ bá ní ilé kò ṣe é gbé mọ́, kí a kó gbogbo ènìyàn jáde lọ́jọ́ náà gan-an.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé tí ó bàjẹ́ ni ó ti kú. Ọdún 1898 ni a kọ́ Ilé Jaekel sínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta. Ó bàjẹ́ gidigidi, a sì tún un ṣe ní 2010. Ó ṣì dúró.

Ẹ má sì rò pé òfin nìkan lè gba ilé là. Ìjọba sọ Ilójó Bar ní Tinubu di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ a wó o ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, 2016. Òfin kì í kan páànù. Owó àtúnṣe àti ìfohùnṣọ̀kan ẹbí ni ó ń kàn án. Nítorí náà, kí a bi ìjọba pẹ̀lú: ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé, kí ni ẹ ṣe fún ẹni tí ó fẹ́ tún tirẹ̀ ṣe?

Ní 1955, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Èkó, ọ̀pọ̀ ni a kó lọ sí Sùúrùlérè, tí wọ́n sì jìnnà sí ọjà àti oníbàárà wọn. Ilé tuntun kò tó fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ wà ní ibi tí a ti lé e kúrò.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Bí ògiri bá dára, ẹ tún òrùlé ṣe kí òjò tó dé. Bí kò bá dára, ẹ kọ ìpín olúkúlùkù sínú ìwé, ẹ wá ibùgbé fún àwọn ayálégbé, ẹ ya àwòrán ilé náà, ẹ sì yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ pe awóléwólé. Òwúrọ̀ kan tó láti wó ilé. Gbogbo ọjọ́ ayé ẹni kò tó láti gbé e padà.