Ọdún 1948 àti Àwa Tí A Kì Í Kọ Nǹkan Sílẹ̀

  

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ọdún 1948 lẹ ní kí n wá sọ. Ọdún ńlá ni. Ní oṣù Kẹfà, ọkọ̀ Empire Windrush kó àwọn ará Kàríbíánì gúnlẹ̀ sí Tilbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Lọ́dún kan náà, wọ́n ṣí Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tí Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá sílẹ̀ ní London níbí ní 1945. Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104. Oṣù Kejì ni wọ́n bí Síkírù Àyìndé Barrister, baba onífújì. Ní Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú kò gbà lórí ọ̀rọ̀ owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò nílùú lọ sí Òṣogbo.

Báwo la ṣe mọ ti Abẹ́òkúta yìí yékéyéké? Ìyá Ransome-Kuti ń kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì ń tọ́jú ìwé. Àwọn ìwé rẹ̀ wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn dòní. Ẹ jẹ́ ká fi ìyókù 1948 sílẹ̀ ná, nítorí àìkọ nǹkan sílẹ̀ ni ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọdún tí Aláké kúrò nílùú ni wọ́n bí i. Ìyá wa ní òjò ń rọ̀, iṣu tuntun ti dé ọjà. Kò ju ìyẹn lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù, akọ̀wé kan kàn kọ ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní fún un. Ọjọ́ ọdún tuntun, nínú ọyẹ́, ni gbogbo ọmọ rẹ̀ ń bá a ge kéèkì ọjọ́ìbí!

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ tiyín ńkọ́? Mo bèèrè kí n tó wá. Akọ̀wé ní ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé àná. Akọ̀wé àná ní alága ìjẹta ló kó o lọ nígbà tí ẹ jà. Ẹyọ kan tí mo rí, inú gáréèjì ló wà, òjò ti pa á. Ojú ewé tó yẹ kí ìpinnu wà, iye kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lápá òsì yẹn, ẹ̀yin lẹ ní ká má fowó ra kọ́bọ́ọ̀dù ìwé, ká fi pe olórin. Olórin ti kọrin, ó ti lọ. Ìwé dà?

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ rántí ohun tí àìníwèé fà ní 2018. Àwọn ọmọ Kàríbíánì tó tẹ̀ lé òbí wọn wá sí ìlú yìí lẹ́yìn Windrush dàgbà síbí, wọ́n ṣiṣẹ́ síbí. Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n mú ìwé wá pé àwọn lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé níbí, wọn ò rí i mú wá. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti run káàdì ìgúnlẹ̀ wọn ní 2010. Wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú. Ìjọba tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn, ṣé òun lẹ fẹ́ kó bá yín tọ́jú ìtàn yín?

Aṣọ ẹbí ọgọ́rin ọdún ìyá, ẹ ń rà á ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ọmọ tó lè sọ ibi tí wọ́n ti bí ìyá náà, ẹ wá a wá. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo yín, oúnjẹ lẹ fi ń yà. Ó tó gẹ́ẹ́!

Kí ẹnikẹ́ni tí ìwé ẹgbẹ́ yìí wà nílé rẹ̀ gbé e wá kí a tó dìbò yan olóyè ẹgbẹ́ lọ́la. Ẹni tí kò bá gbé e wá, kó má ṣe dupò.