Òbí àti Iṣẹ́ Ìṣirò Ọmọ

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ ilé wa kan gbé iṣẹ́ ìṣirò tọ̀ wá wá. Ìbéèrè náà nìyí: bí a bá ju owó onírin sókè lẹ́ẹ̀mejì, báwo ni ó ti ṣeé ṣe tó pé ojú rẹ̀ yóò yọ, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan?

A rò pé ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà: ojú; ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ojú; ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. A dáhùn pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ni. Ọmọ náà wí pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni, a sì bá a wí gidigidi pé ó ń bá àgbà jiyàn.

Ó fi omijé to ọ̀nà mẹ́rin sílẹ̀: ojú-ojú, ojú-ẹ̀yìn, ẹ̀yìn-ojú, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn. Mẹ́ta nínú wọn ni ó ní ojú. Àwa ti ka méjì àkọ́kọ́ sí ọ̀kan! Àṣìṣe yìí kan náà ni d'Alembert, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé, ṣe nínú ìwé ìmọ̀ ńlá kan ní 1754. A tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ohùn líle bo àìmọ̀ yín mọ́lẹ̀. Ẹ jókòó ti ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kí ó to gbogbo ọ̀nà sílẹ̀ kí ó tó kà wọ́n. Ọmọ tí ó rí i pé àgbà ń jẹ́wọ́ àṣìṣe kì yóò bẹ̀rù òtítọ́.