Ìdúnàádúrà Lórí Owó Adójútòfò

Ní ọjà Djébonoua, lẹ́bàá Bouaké ní Kotdifuá, ta ni yóò san iye tí oníṣu kọ́kọ́ pè? Ṣùgbọ́n bí ọdún bá yípo, tí ìwé adójútòfò bá tó sọ dọ̀tun, ẹni tí ó ná iṣu títí a ka owó sílẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a lè ná. Ní Nàìjíríà, láti oṣù kìíní ọdún 2023, iye tí àṣẹ fi lélẹ̀ fún adójútòfò ẹni-kẹta lórí ọkọ̀ àdáni kúrò ní 5,000 náírà, ó di 15,000. Ìyẹn kò gba ìdúnàádúrà. Ṣùgbọ́n ní ti ilé àti ẹrù inú rẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Ẹ béèrè iye lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì mìíràn; bí òfò kò bá ṣe yín láti ọdún wọ̀nyí, ẹ sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún ẹni tí ń ṣọ́ ilé àti ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ má ná an kọjá ọjọ́. Láti ọdún 2011, òfin CIMA tí ó de Kotdifuá ti fi lélẹ̀ pé ààbò kò bẹ̀rẹ̀ àfi bí a bá sanwó. Nàìjíríà náà mú irú òfin bẹ́ẹ̀ le ní 2013. Iná kì í dúró de ẹni tí ń ná ọjà. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú.